Amúkùn-ún, Ẹrù Ẹ Wọ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Ibi Tó Yẹ Ká Ti Ṣe Aláínmẹ́ǹtì Ọkọ̀ Kí A Tó Lọ Sílé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Èkó. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá àti àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn odi.

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọkọ̀, nítorí pé oṣù tó ń bọ̀ ni púpọ̀ nínú wa máa kó ìyàwó, kó ọmọ, tí a máa gbé àwọn àgbà sẹ́yìn ọkọ̀, tí a máa dorí kọ ilé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, mo lè sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í tán lórí WhatsApp wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè ṣe aláínmẹ́ǹtì tó dáa?" Ẹnì kan á ní Ìkẹjà, ẹlòmíì á ní Súrùlérè, wọ́n á fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdí tí ibẹ̀ fi dáa. Ìdí yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù ẹ̀ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú òwe yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mú táyà yín tọ́ láìkọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹrù ló ń tún dì. Ẹsẹ̀ tó wọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Kí là ń sanwó fún gan-an?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n. Èkíní ni toe. Ẹ dìde dúró, ẹ wo ẹsẹ̀ yín nílẹ̀. Bí orí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kọjú síra wọn, toe ti wọlé nìyẹn. Bí wọ́n bá yà síta, ó ti jáde. Táyà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni camber. Ẹ rántí ẹni tó ní K-leg: dípò kí táyà dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ á dà sínú tàbí síta. Ẹ̀kẹta ni caster. Ìyẹn ò ṣe é fojú lásán rí. Ó jẹ mọ́ bí ohun tí táyà fi ń yí lọ́tùn-ún lósì ṣe dagun sẹ́yìn. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ya kọ̀nà tán.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, toe ló ń jẹ táyà jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí iwájú táyà méjèèjì bá fi mílímítà 3 péré sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ, táyà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bíi mítà méjì ààbọ̀ nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá lọ Ìbàdàn láti Èkó tí ẹ sì padà, ó ti lé ní ìdajì kìlómítà tí ọ̀dà fi ń rin táyà yín bí ẹni ń rin gbáàgúdá fún gàrí. Mílímítà 3 o! Ìka ọwọ́ lásán nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyà yìí kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré mọ́. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Dunlop náà dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èyí tí à ń rà báyìí wá, dọ́là ló sì ń pinnu iye rẹ̀. Ẹ fi owó aláínmẹ́ǹtì kan wé owó táyà tuntun méjì, ẹ máa rí ibi tí owó ti ń jò.

Ti owó ṣì kéré o. Òfin FRSC ní ọkọ̀ àdáni kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ká tiẹ̀ ní gbogbo wa ń pa òfin yẹn mọ́, pẹ̀lú 100 yẹn náà, ọkọ̀ ń sá bíi mítà 28 kí ẹ tó ka ení. Bí táyà iwájú bá bẹ́ lórí eré bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, kí ẹ tó pariwo Jésù tàbí Allāhu, ọkọ̀ ti kúrò níbi tẹ́ ẹ fojú sí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tí kò tó láti fi yan ibi

Àwọn kan ń yan ibi nítorí pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn kan nítorí pé ó dínwó. Àwọn mìíràn rí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá tó ní kámẹ́rà méjì lókè, ara wọn balẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó.

Ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀kan nínú wa, mo ti gbàṣẹ lẹ́nu ẹ̀ kí n tó sọ ọ́, ra táyà tuntun méjì síwájú Camry rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta, wáyà ti yọ nínú táyà ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe aláínmẹ́ǹtì láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ wọn sì ń dán gbinrin. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà sókè, bushing tó wà lára lower arm ọ̀tún ti ya pátápátá. Ẹ wò ó: nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀rọ, táyà dúró ṣánṣán, gbogbo nọ́ńbà ló wà nípò. Tó bá wá tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà, arm yẹn á sún, táyà á yí. Ẹ̀rọ ò parọ́, ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló kà. Ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ni kò wo ìsàlẹ̀. Owó bushing yẹn ò sì tó owó táyà kan ṣoṣo.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á bi yín léèrè: Kí lẹ rí? Ṣé ó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí sítíárìn ló wọ́, àbí táyà ló ń jẹ? Ṣé ẹ já sí kòtò láìpẹ́ yìí? Lẹ́yìn náà, á fi jáàkì gbé ọkọ̀. Á di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, á mì ín, kó mọ̀ bóyá tie rod ti jẹ. Á dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, á tún mì ín, kó mọ̀ bóyá ball joint tàbí bearing ti ń ṣeré. Á tan iná sábẹ́, á wo bushing, á wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ń jò.

Tí nǹkan kan bá wà tó ti jẹ, ó yẹ kó sọ fún yín pé, "Ẹ lọ pààrọ̀ èyí kẹ́ ẹ tó padà wá." Ẹni tó bá kọ owó yín lónìí nítorí pé iṣẹ́ náà ò ní dúró, ẹ tọ́jú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹni tó ní "ẹ má ṣèyọnu, a máa bá yín mánéèjì ẹ̀," ẹ bá a dúpẹ́, kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò.

Afẹ́fẹ́ táyà ló tẹ̀ lé e. Ó gbọ́dọ̀ géèjì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ. Iye tó yẹ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kì í ṣe iye tí fọkanáísà rò lọ́kàn ara ẹ̀. Bí táyà ọ̀tún bá rọ̀ ju tòsì lọ, ọkọ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, kí ni wọ́n wá fẹ́ wọ̀n? Ẹ má sì di àpò ìrẹsì mẹ́rin àti ẹrù ọdún sínú búùtù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣófo.

Ẹ wo bó ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ibi tí ọkọ̀ dúró gbọ́dọ̀ tẹ́jú dọ́gba. Àwo tó ń yí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ táyà iwájú. Ó gbọ́dọ̀ yan irú ọkọ̀ yín gan-an àti ọdún rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Camry 2005 kọ́ ni Camry 2010, nọ́ńbà tó yẹ fún ọ̀kan lè máà yẹ fún èkejì. Ó sì gbọ́dọ̀ fi irin há sítíárìn mọ́lẹ̀ ní àárín gbùngbùn kó tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Bí kò bá há a, táyà lè tọ́ kí sítíárìn wá wọ́.

Ìwé ló wá kàn. Etí tó gbọ́ àlọ yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Ẹ ní kó tẹ nọ́ńbà tó kọ́kọ́ bá lára ọkọ̀ jáde, kó sì tẹ èyí tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Tí kò bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà nígbà méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pupa túmọ̀ sí pé nọ́ńbà náà ti kúrò níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fẹ́ kó wà. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó wà nípò. Ẹ fi apá ọ̀tún wé apá òsì. Ẹ wo ti ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí pé bí táyà ẹ̀yìn bá kọjú síbòmíì, á máa ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí bí iwájú ṣe tọ́ tó.

Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń dáhùn nígbà tí nọ́ńbà kan bá kọ̀ láti di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣe é yí. Àpẹẹrẹ ni Corolla 2003 sí 2008 tó pọ̀ láàárín wa. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ò ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa yí fún aláínmẹ́ǹtì. Olóòótọ́ á sọ pé, "Ti ẹ̀yìn yìí ò ṣe é yí, ẹ jẹ́ ká wá ohun tó tẹ̀." Ẹni tó bá fẹ́ fi òòlù gbá a, tàbí tó fẹ́ fi iná yọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ kó lè tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ sá fún un. Irin tí iná ti bà jẹ́ ló máa gbé ẹ̀yin àti ẹbí yín délé yẹn o.

Lákòótán, kó jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà lọ bọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kó máa lọ gbọọrọ láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fa sítíárìn. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa ẹ̀rọ náà, ẹ ní kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kó gbé e padà sórí ẹ̀rọ, kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án mọ́ yẹ kó ṣì wà bó ṣe wà. Tó bá ti yí padà gan-an, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nílò àtúnṣe.

Àwọn tó ń fi okùn wọ̀n ọ́n ńkọ́?

Mi ò ní bú wọn. Toe ṣe é fi okùn àti rúlà wọ̀n tó bá jẹ́ ẹni tó fara balẹ̀ ni. Ọmọ wa tó ń wa Máíkírà n'Íbàdàn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tie rod tó sì fẹ́ fi gbé ọkọ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ wà, okùn á gbà á. Ṣùgbọ́n okùn ò lè sọ iye camber fún yín, kò mọ caster rárá. Kò sì sí ìwé tẹ́ ẹ máa mú dání. Ẹ má fi í rìnrìn àjò.

Nígbà míì, kì í ṣe aláínmẹ́ǹtì

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbowó ohun tí kò ṣe yín. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí eré bá tó 80 tàbí 100, tí kì í gbọ̀n tí ẹ bá rọra ń lọ, balancing ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kìkì ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ wo bíréèkì àti bushing. Bí àárín táyà nìkan bá ń jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá ń jẹ, afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Etí kan ṣoṣo tó ń jẹ ló sábà máa ń jẹ́ ti aláínmẹ́ǹtì.

Etí tó wà nínú lọ́hùn-ún ló sì ń tan èèyàn jù. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, táyà dà bí tuntun. Nítorí náà, ẹ yí sítíárìn tán sápá kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú. Ẹ rọra fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà láti inú síta, kẹ́ ẹ tún pa á láti ìta sínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí wáyà má baà gún yín. Bó bá ń dán lápá kan tó sì ń họ yín lápá kejì bí ìpẹ́ ẹja, toe ti kúrò nípò.

Ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú ọba, ọ̀rọ̀ etí inú yìí kàn yín gan-an. Òfin ibẹ̀ ní kí ojú táyà jìn tó mílímítà 1.6 ó kéré tán, nínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó wà láàárín ojú rẹ̀, yíká-yíká. Bí wáyà bá yọ níbikíbi, ẹ ti rú òfin. Owó ìtanràn lè tó £2,500 lórí táyà kan, pẹ̀lú pọ́ìntì 3 lórí láísẹ́ǹsì. Ọlọ́pàá ò ní gbọ́ pé ẹ ò rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ ra tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ tó wálé, ẹ gbé e lọ síbi aláínmẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó san owó tán. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lásán, kí wọ́n má tún nǹkan kan ṣe. Bí camber tàbí caster apá kan bá jìnnà gan-an sí ti apá kejì, ẹ bèèrè ìdí. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá, tí wọ́n kàn fi ọ̀dà tuntun bo ara rẹ̀.

"Ọmọ wa ni"

Mo mọ̀ pé ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn yìí lè dun àwọn kan. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a máa ń sọ pé ká máa fún ọmọ ìlú wa níṣẹ́, èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan ń ṣe aláínmẹ́ǹtì, mo sì fẹ́ kí wọ́n là. Ṣùgbọ́n "ọmọ wa ni" kì í mú bushing tó ya dúró. Bí iṣẹ́ ọmọ wa bá péye, ẹ jẹ́ ká kó ọkọ̀ wa lọ bá a, ká sì sanwó fún un bó ṣe yẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ ìlú bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é ní ọ̀fẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ fún un. Ìfẹ́ nìyẹn. Ká máa pọ́n ọn lójú gbogbo èèyàn lórí WhatsApp, nígbà tí ẹbí mìíràn máa fi ọkọ̀ tó ṣe lọ jìnnà, kì í ṣe ìfẹ́ o.

Nítorí náà, ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ibi kan fún wa, kó fi ìwé méjèèjì síbẹ̀, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Kó sọ bóyá wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, kó padà wá sọ bí táyà ṣe rí. Tí ogún èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa, a ti ní àkójọ tó ṣe é gbára lé ju ẹnu lásán lọ.

Ẹ má sì dúró di àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbéra. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá rí nǹkan tó ti jẹ, ẹ ráyè lọ ra á ní Ládípọ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà wá. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ tie rod, ball joint tàbí lower arm, tàbí tẹ́ ẹ já sí kòtò ńlá, ẹ lọ wọ̀n ọ́n, ì báà jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ ṣe é kẹ́yìn.

 Bí ìbéèrè bá wà, ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp wa, màá dáhùn. Ọ̀nà á là fún wa, ẹsẹ̀ tó lọ á bọ̀, a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ká pàdé nílé láyọ̀ o.